Àdídùn àti Ìlera Eyín Ọmọdé

Àdídùn ni orúkọ àpapọ̀ fún súìtì, tọ́fì, bàbá-dúdú, bísíkíìtì, ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti gbogbo ohun mìíràn tí a fi ṣúgà mú dùn lẹ́nu ọmọdé. Ní Ekinrin-Adde, ìlú kan ní Ìjùmú, ní ilẹ̀ Òkun, bí ó ti rí jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá, wọn kò jìnnà sí ẹnu-ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, owó díẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ sì ti tó láti rà wọ́n.

Bí eyín ṣe ń bàjẹ́

Àwọn baba ńlá wa gbà pé kòkòrò ni ó ń wọ inú eyín, tí í máa jẹ ẹ́ títí yóò fi lu ihò. Ìgbàgbọ́ yìí kò jìnnà sí òtítọ́, nítorí ohun alààyè tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí ni ó wà nídìí ọ̀ràn náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé eyín kọ́ ni wọ́n ń jẹ bí kò ṣe ṣúgà. W. D. Miller, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣiṣẹ́ ní Berlin, ni ó là á yé ayé ní 1890 pé bí àwọn ohun alààyè náà bá ti jẹ ṣúgà, omi kíkan ni wọ́n ń tú jáde, òun ni ó sì ń yọ́ ara òde eyín, tí ó le ju egungun lọ. Bí ọmọ bá lá súìtì kan, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni eyín rẹ̀ yóò ti wà nínú omi kíkan, yóò sì tó ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí itọ́ tó fọ̀ ọ́ kúrò.

Níhìn-ín ni ó yẹ kí òbí fi ọkàn sí jù lọ: iye ìgbà tí ṣúgà ń kan eyín lójúmọ́, àti bí ó ti ń lẹ̀ mọ́ ọn tó, burú ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Ìdánwò kan tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn Vipeholm ní Sweden, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 1954, fi hàn pé ṣúgà tí a jẹ pẹ̀lú oúnjẹ kò fi bẹ́ẹ̀ pa eyín lára, ṣùgbọ́n tọ́fì alẹ̀mọ́yín tí a ń jẹ láàárín oúnjẹ sí oúnjẹ bà á jẹ́ gidigidi. Ìwà ìkà ni ọ̀nà tí wọ́n gbà rí ìmọ̀ náà, nítorí àwọn aláìpé ọpọlọ tí kò lè fọwọ́ sí i ni wọ́n fi dán an wò. Síbẹ̀, ohun tí ó kọ́ni dúró: ọmọ tí ó jẹ súìtì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn iyán sàn ju èyí tí ó ń lá ẹyọ kọ̀ọ̀kan láti òwúrọ̀ di alẹ́.

Eyín àkọ́kọ́

Ogún ni eyín àkọ́kọ́ ọmọ, wọn a sì máa bẹ̀rẹ̀ sí hù ní nǹkan bí oṣù 6. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wí pé níwọ̀n bí wọn yóò ti ká, tí ọmọ yóò sì jù wọ́n sórí àjà, ìyọnu lásán ni ìtọ́jú wọn. Ṣùgbọ́n kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò: àwọn eyín àkọ́kọ́ yìí ni ó ń pa ààyè mọ́ fún eyín àgbà, àti pé ní nǹkan bí ọdún 6, erìgì àgbà àkọ́kọ́ a hù lẹ́yìn wọn láìjẹ́ pé eyín kankan ká, tí òbí a sì rò pé ti ọmọdé ni, a jẹ́ kí ó jẹrà, bẹ́ẹ̀ ni òmíràn kò ní hù dípò rẹ̀ mọ́ láéláé.

Pákò àti ọṣẹ eyín

Orin ata, orin àyìn àti pákò ìjẹ̀bú ni a ti ń fi fọ eyín láti ayébáyé. Ní 1986, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn tí ó jẹ́ àṣà wọn níyànjú láti máa rún pákò. Ní 2000, àwọn onímọ̀ tí ó tún yẹ̀ ẹ́ wò ní ìwádìí kò tíì tó. Ó jọ pé pákò tí a fi sùúrù lò lè mú eyín mọ́ bí búrọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n bóyá ó lè dá eyín ọmọdé tí ń jẹ àdídùn lójoojúmọ́ sí láìsí ọṣẹ tí ó ní flọ́ráìdì nínú, ẹnu àwọn onímọ̀ kò tíì kò lórí rẹ̀.

Ìtàn

Oyin, ìrèké àti agbáyun ni adùn ìgbà àtijọ́. Ní àwọn ọdún 1960 ni ilé-iṣẹ́ ṣúgà Bacita bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní etí odò Ọya, ní ìpínlẹ̀ Kwara tí ilẹ̀ Òkun wà lábẹ́ rẹ̀ títí wọ́n fi dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní 1991. Òfin ìnáwó Nàìjíríà ti ọdún 2021 fi owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Kò kan tọ́fì.