Ìrìn-àjò Ìwòran sí Àwọn Gbọ̀ngàn Họ́kì Yunifásítì ní Amẹ́ríkà

Láàárín àwọn olólùfẹ́ họ́kì orí yìnyín ní Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tí wọ́n sọ ọ́ di àṣà láti máa lọ láti yunifásítì kan dé òmíràn. Kì í ṣe ẹgbẹ́ tiwọn nìkan ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Wọ́n fẹ́ fojú ara wọn rí ilé tí wọ́n ti ń gbá họ́kì náà, kí wọ́n sì fetí ara wọn gbọ́ ariwo tó wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ họ́kì ọkùnrin tó wà ní ipele kìíní NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá láàárín àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga Amẹ́ríkà, lé ní 60. Púpọ̀ nínú wọn wà ní àríwá ìlà-oòrùn, ní àyíká àwọn Adágún Ńlá, àti ní Minnesota àti North Dakota, níbi tí òtútù ti ń mú gan-an. Síbẹ̀, eré náà dé Alaska, ó sì dé aṣálẹ̀ Arizona.

Ohun tó ń fa àwọn arìnrìn-àjò yìí ni pé ilé kan kò jọ èkejì. Àwọn gbọ̀ngàn ńláńlá tí àwọn tó ń gbá họ́kì jẹun ń lò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra tán: àga kan náà, iná kan náà, orin kan náà. Ní ti yunifásítì, ẹni tó bá wo ògiri àti òrùlé dáadáa á mọ ìgbà tí wọ́n kọ́ ilé náà, irú ẹni tó fowó kọ́ ọ, àti ohun tí wọ́n ń fi ṣe kó tó di ti họ́kì.

Eré náà ní ṣókí

Èèyàn mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n máa ń wà lórí yìnyín lẹ́ẹ̀kan náà, aṣọ́lé wà lára wọn. Abala mẹ́ta ni eré náà ní, ìṣẹ́jú 20 sì ni abala kọ̀ọ̀kan. Rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan ni wọ́n ń fi ọ̀pá gbá sínú àwọ̀n. Gígùn yìnyín náà jẹ́ nǹkan bíi mítà 61. Ìbú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ mítà 26, àmọ́ àwọn ibì kan wà tó tó mítà 30, bíi ti ìdíje Òlíńpíìkì àtijọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó ti rin ọ̀nà yìí pẹ́ máa ń wò nìyẹn. Níbi tí yìnyín bá ti fẹ̀, àwọn eléré á ráyè sáré, wọ́n á sì máa fi rọ́bà náà ránṣẹ́ síra wọn. Níbi tó bá ti há, ara á máa kọlu ara, ògiri á sì máa dún gbì-gbì.

Ìbẹ̀rẹ̀ àti àwọn ilé àgbà

Ní 1896, Yale àti Johns Hopkins pàdé ní Baltimore, wọ́n sì gbá ọ̀mì 2–2. Ìdíje yìí ni wọ́n sábà máa ń kà sí àkọ́kọ́ láàárín yunifásítì méjì ní orílẹ̀-èdè náà. Láyé ìgbà yẹn, orí adágún tó ti dì ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ti ń gbá a. Bí oòrùn bá mú, eré parí nìyẹn. Ìgbà tí ẹ̀rọ tó ń sọ omi di yìnyín wọ abẹ́ òrùlé ni eré náà tó rílé gbé.

Ọ̀kan nínú àwọn ilé àgbà náà ni Boston Arena, tó ṣí ní 1910. Ibẹ̀ ni Boston Bruins, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbá họ́kì jẹun, ti gbá ìdíje àkọ́kọ́ wọn nílé ní 1924, ibẹ̀ náà sì ni Boston Celtics, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1946. Yunifásítì Northeastern rà á ní 1979, ó sì di Matthews Arena lẹ́yìn náà.

Ní Princeton, gbọ̀ngàn tó ṣí ní 1923 ń jẹ́ orúkọ Hobey Baker. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà ni, ó sì mọ họ́kì àti bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà gbá bákan náà. Ó di awakọ̀ òfurufú ológun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ọkọ̀ rẹ̀ sì já ní ilẹ̀ Faransé ní oṣù Kejìlá 1918, nígbà tí ogun ti parí, tó ku díẹ̀ kó padà sílé. Orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n fi sọ ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún ọkùnrin tó bá ta yọ jù lọ nínú họ́kì yunifásítì lọ́dọọdún láti 1981.

Àwọn ilé kan kì í ṣe ti họ́kì látilẹ̀wá. Yost ní Yunifásítì Michigan, ilé eré ìdárayá gbogbogbòò ni nígbà tí wọ́n kọ́ ọ ní 1923. Ọdún 1973 ni wọ́n da yìnyín sínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí bíríkì àti fèrèsé gíga rẹ̀ kò fi jọ ti gbọ̀ngàn họ́kì kankan. Houston Field House ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga RPI ní ìlú Troy tún yàtọ̀ sí èyí: ilé ìkẹ́rù àwọn ológun ojú omi ni, ní Rhode Island. Wọ́n tú u, wọ́n kó o wá sí ìpínlẹ̀ New York, wọ́n tún un tò, ó sì ṣí ní 1949.

Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ayàwòrán-ilé

Ẹni tó bá fẹ́ràn ilé ju eré lọ pàápàá yóò rí ohun wò. Ingalls Rink ní Yale, tí wọ́n parí ní 1958, ni ó lókìkí jù. Eero Saarinen ló yà á, òun náà ló ya ọwọ̀n ńlá tó tẹ̀ bí ọrun ní St. Louis. Ọ̀pá-ẹ̀yìn kọnkéré kan ló gba àárín òrùlé kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó tẹ̀ kọrọdọ, àwọn okùn irin sì sọ̀ kalẹ̀ láti ara rẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì láti gbé pákó òrùlé dúró. Kò sí òpó kankan tó dí ojú ẹnikẹ́ni. Àbùùbùtán ni àwọn ará Yale fi ń pè é, nítorí pé ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ látìta: ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ, ikùn rẹ̀ fẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ènìyàn bá jókòó nínú rẹ̀ tó gbójú sókè, pákó tó tò tẹ̀ lé ara wọn ló máa rí, àfi bí ẹni tó dojú ọkọ̀ ojú omi dé. Nǹkan bíi 3,500 èèyàn ló ń gbà, kò sì sí ibi tó jìnnà sí yìnyín.

Thompson Arena ní Dartmouth, tó ṣí ní 1975, iṣẹ́ Pier Luigi Nervi ni, ará Ítálì tó mọ kọnkéré lò bí alámọ̀ ṣe ń lo amọ̀. Ní Grand Forks, North Dakota, Ralph Engelstad Arena gba ọ̀nà mìíràn. Engelstad ti ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ ibẹ̀ nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó wá dolówó nídìí ilé tẹ́tẹ́ ní Las Vegas. Ó ná owó tó lé ní 100 mílíọ̀nù dọ́là sórí gbọ̀ngàn náà, ó sì ṣí ní 2001: àga aláwọ, ilẹ̀ òkúta dídán, àyè fún èrò tó lé ní 11,000. Kó tó parí, ó halẹ̀ pé òun yóò dá iṣẹ́ dúró bí yunifásítì bá pa orúkọ Fighting Sioux rẹ́, orúkọ ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ kà sí ìwọ̀sí. Yunifásítì fi orúkọ náà sílẹ̀ ní 2012, ó sì mú Fighting Hawks ní 2015, ṣùgbọ́n àwòrán orí ọmọ onílẹ̀ tó jẹ́ àmì ẹgbẹ́ náà tẹ́lẹ̀ ṣì wà lára ilé níbi púpọ̀.

Àwọn obìnrin náà ní ilé tiwọn. Ridder Arena ní Yunifásítì Minnesota, tó ṣí ní 2002, ni gbọ̀ngàn àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ ní pàtó fún họ́kì obìnrin yunifásítì ní Amẹ́ríkà.

Ìṣesí àwọn èrò ìwòran

Bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Ọ̀rọ̀ yìí bá àwọn gbọ̀ngàn wọ̀nyí mu, Lynah Rink ti Cornell ní Ithaca sì ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Ó ṣí ní 1957, èèyàn 4,267 ló ń gbà. Ken Dryden, aṣọ́lé tó padà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní Montreal, ibẹ̀ ló ti gbá. Ní 1970, ẹgbẹ́ Cornell borí nínú gbogbo ìdíje 29 tó gbá, ó sì gba ife orílẹ̀-èdè. Kò tíì sí ẹgbẹ́ mìíràn tó ṣe irú rẹ̀.

Bí wọ́n bá ń pe orúkọ àwọn eléré àlejò ní Lynah, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á na ìwé ìròyìn bo ojú, wọ́n á máa ṣe bí ẹni tó ń kàwé, wọ́n á sì máa pariwo pé ọ̀rọ̀ náà sú àwọn. Bí ó bá wá jẹ́ Harvard ni àlejò, ẹja ló kù. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ní 1973, ará Harvard kan ju adìẹ sí aṣọ́lé Cornell láti fi ẹ̀ka ìmọ̀ àgbẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ti Cornell náà fi ẹja dá a padà, torí pé etí òkun ni Boston wà. Títí di òní, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ẹja pamọ́ sábẹ́ ẹ̀wù òtútù wọlé. Bí Harvard bá ti yọ sórí yìnyín, ẹja á bẹ̀rẹ̀ sí í fò, á balẹ̀, á sì máa yọ̀ tẹ̀rẹ́ lọ títí dé ẹsẹ̀ aṣọ́lé. Àwọn òṣìṣẹ́ á gbé ṣọ́bìrì jáde, wọ́n á fá ìpẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ kúrò kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ju tirẹ̀ nígbà tí eré ti ń lọ lè kó ìjìyà bá ẹgbẹ́ ilé fún ìdádúró eré.

Ní Dartmouth, bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì ni tiwọn: bí ẹgbẹ́ wọn bá ju góòlù àkọ́kọ́ wọlé Princeton, bọ́ọ̀lù náà á rọ̀ sórí yìnyín bí òjò. Ní Boston, ìdíje Beanpot ló ń kó ìlú jọ. Láti 1952 ni Harvard, Boston College, Boston University àti Northeastern ti ń du ife náà. Ọjọ́ Ajé méjì àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejì ni wọ́n sábà máa ń gbá a. Ní 1978, ìjì ìrì dídì dé nígbà tí ìdíje ń lọ ní Boston Garden. Ọ̀nà dí, àwọn kan nínú èrò ìwòran kò sì rílé lọ fún ọjọ́ mélòó kan.

Nígbà tí pápá bọ́ọ̀lù di ilé họ́kì

Àwọn arìnrìn-àjò náà ń kọrí sí pápá ìṣeré gbangba bí àyè bá yọ. Ní oṣù Kẹwàá 2001, Michigan State da yìnyín sórí pápá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà rẹ̀, ó sì pe Michigan wá. Èèyàn 74,544 wò ó, wọ́n gbá ọ̀mì 3–3. Ní oṣù Kejìlá 2010, Michigan ṣe tirẹ̀ ní pápá ńlá tó wà ní Ann Arbor, ó na Michigan State ní 5–0. Iye èrò tí àjọ Guinness fọwọ́ sí lọ́jọ́ náà jẹ́ 104,173. Ẹni tó bá jókòó sókè kò lè rí rọ́bà kékeré náà rárá. Ìṣíkiri àwọn eléré ló ń tẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ lọ nítorí kí wọ́n lè sọ pé àwọn wà níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń rìn ín

Láti oṣù Kẹwàá dé oṣù Kẹrin ni eré ń lọ, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Àbámẹ́ta ló sì wọ́pọ̀ jù. Nínú líìgì ECAC, wọ́n so àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó múlé ti ara wọn pọ̀ ní méjì-méjì, kí àlejò lè gbá ọ̀kan lọ́jọ́ Ẹtì àti èkejì lọ́jọ́ kejì: Cornell àti Colgate, RPI àti Union, Yale àti Brown. Clarkson wà ní Potsdam, St. Lawrence wà ní Canton, nǹkan bíi kìlómítà 17 péré ló wà láàárín wọn. Cheel Arena ti Clarkson, tó ṣí ní 1991, àti Appleton Arena ti St. Lawrence, tó ṣí ní 1951, tipa bẹ́ẹ̀ bọ́ sínú ìrìn ọjọ́ méjì. Ètò tí wọ́n ṣe fún bọ́ọ̀sì àwọn eléré ló wá di àǹfààní fún òǹwòran.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n rìn máa ń tètè dé. Òtútù wà nínú ilé náà, nítorí náà ẹ̀wù tí wọ́n wọ̀ bọ̀ ni wọ́n máa wọ̀ jókòó. Wọ́n kì í sì í dìde láàárín abala kan àti èkejì, torí pé ìgbà yẹn ni Zamboni ń jáde, ọkọ̀ tí Frank Zamboni ṣe ní California ní 1949. Ọ̀bẹ abẹ́ rẹ̀ á fá ojú yìnyín tí abẹ bàtà ti họ, á kó èyí tó fá sínú ikùn, á sì da omi gbígbóná tín-ín-rín sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Omi náà á gbé èéfín díẹ̀, á dì, ojú yìnyín á sì máa kọ mọ̀nà.

Àwọn tó ti pa rẹ́ àti àwọn tuntun

Ibi tí NCAA ti gbá ìdíje orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní 1948, gbọ̀ngàn Broadmoor ní Colorado Springs, kò sí mọ́. Matthews Arena náà ti parí iṣẹ́ ní 2025, kí Northeastern lè kọ́ tuntun sórí ilẹ̀ rẹ̀. Nígbà mìíràn, ilé á wà, ẹgbẹ́ ni kò ní sí. Ní Huntsville, Alabama, Von Braun Center gba yunifásítì ìlú náà lálejò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ayodele Adeniye, ọmọ Columbus ní Ohio tó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá gidi, wà lára àwọn tó gbá fún wọn kẹ́yìn, kí yunifásítì tó dá ẹgbẹ́ náà dúró ní 2021. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Arizona State ṣí Mullett Arena ní Tempe, tó ń gba 5,000 èèyàn. Ó kéré débi pé ó ya gbogbo ayé lẹ́nu nígbà tí Arizona Coyotes ti NHL, líìgì àwọn tó ń gbá họ́kì jẹun, lò ó fún sáà méjì.

Àwọn ilé tuntun wọ̀nyí tutù dáadáa, àga wọn rọ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn pọ̀ tó. Àwọn arìnrìn-àjò kò ráhùn sí ìyẹn. Àmọ́ bí wọ́n bá ń ṣètò sáà tó ń bọ̀, Princeton, Yost, Lynah àti Ingalls ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi síwájú, torí pé tuntun lè dúró dè wọ́n, kò sì dájú pé èyí tó ti gbó yóò ṣe bẹ́ẹ̀.