Ẹni Tó Ń Fi Ẹranko Han Ọmọdé

Ní Ìkòyí wa (kì í ṣe ti Èkó o, ti ilẹ̀ Òkun lápá Kabba là ń wí), ta ló ń gbowó oṣù torí pé ó ń kọ́ ọmọdé nípa ẹranko? Ọdẹ ló ń kọ́ wọn, ìyá àgbà sì ń fi ìtàn ìjàpá kún un. Ọmọ tó bá ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sóko lè mọ ipa ẹsẹ̀ ìgalà yàtọ̀ sí ti ẹtu kó tó mọ ìwé kà.

Báwo ló ṣe wá di iṣẹ́ olówó oṣù? Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Ìbàdàn. Lọ́dún 1948, ọdún tí wọ́n dá yunifásítì ibẹ̀ sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹranko jọ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè rí nǹkan fi kẹ́kọ̀ọ́. Kì í ṣe torí ọmọdé rárá. Àmọ́ ta ló máa gbọ́ pé ẹranko igbó wà nítòsí tí kò ní mú ọmọ ẹ̀ lọ wò ó? Bob Golding, òyìnbó kan, ló ṣàkóso ibẹ̀ láti 1963 sí 1979. Nígbà tó máa fi di 1974, ó ti di ọgbà ẹranko gidi, ìdílé sì ń wọ́ lọ wo ìnàkí ńlá méjì, Aruna àti Imade.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ wá lọ́kàn. Irú ìnàkí yẹn ò sí nígbó Yorùbá. Apá Cross River lèyí tó kù ní Nàìjíríà wà. Ọmọ Ìbàdàn mọ àlejò dáadáa, ẹtu ẹ̀yìnkùlé ẹ̀ ńkọ́?

Olóyè Shafi Lawal Edu, ọmọ Ẹ̀pẹ́, gba ọ̀nà míì. Ó dá Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀ lọ́dún 1980, wọ́n sì ṣí ọgbà Lekki lọ́dún 1990: hẹ́kítà 78, tí ọ̀bọ ń fò káàkiri lórí igi. Ọmọdé ló ń wọ inú igbó lọ bá ẹranko, pẹ̀lú ẹni tó ń ṣàlàyé fún un. Ẹgbẹ́ wọn tún dé ilé ìwé.

Kò burú. Ṣùgbọ́n èdè wo ni wọ́n fi ń ṣàlàyé? Gẹ̀ẹ́sì ló sábà máa ń jẹ́, bíi ti áàpù ọmọdé tó kún fún kìnnìún àti erin. Bí ẹnì kan bá máa ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Kabba lónìí, ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ àgbà ni kó kọ́kọ́ lọ jókòó, kó gba orúkọ àwọn ẹranko náà sílẹ̀ lẹ́nu wọn.