Kí ló ń ró nínú orúnkún wa? Ìtàn ohùn kékeré kan tó ń lé èèyàn sá kúrò nídìí irin

1/ Ẹ lóṣòó pẹ̀lú irin léjìká, ẹ dìde: orúnkún ró kàù. Ẹ tún un ṣe, ó tún ró. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ní jíìmù bojú wẹ̀yìn bíi pé ilẹ̀kùn tí kò rí ọ́ìlì ló ń ṣí. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹlòmíì ti sá fún irin pátápátá. Ó ní egungun òun ti ń fara gbora.

2/ Ohùn yìí nítàn o. Ó lé ní ọdún 70 táwọn onímọ̀ ti ń bá a fà á. Wọ́n fa ìka, wọ́n ya X-ray, wọ́n bá ara wọn jiyàn. Dókítà kan tiẹ̀ fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ìwádìí fún ọdún 50 gbáko! Ẹ tẹ̀ lé mi. Ibi tí ìtàn náà já sí kan gbogbo ẹni tó ń gbé irin.

3/ Ká bẹ̀rẹ̀ ní London, ní 1947. Roston àti Wheeler Haines ń fa ìka àwọn èèyàn díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń wọn agbára tí wọ́n fi ń fà á, wọ́n sì ń ya oríkèé tó wà nídìí ìka náà ní X-ray.

4/ Kí ni wọ́n rí? Bí agbára ṣe ń pọ̀ sí i, egungun méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lára wọn. Àfi lójijì, pàá! Wọ́n jìnnà síra lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn náà sì jáde. Ní àyè tó ṣí láàárín wọn, ìhó afẹ́fẹ́ ti yọ nínú omi tó máa ń wà nínú oríkèé.

5/ Ẹ rántí ìgò mínírà. Tẹ́ ẹ bá ṣí i, ohun tó ń tẹ omi inú ẹ̀ mọ́lẹ̀ á dín kù, gáàsì tó ti yòrò sínú omi á wá hó jáde. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú oríkèé jọ ọ́. Egungun ò kán, egungun ò gbá egungun. Afẹ́fẹ́ inú omi ni.

6/ Wọ́n tún rí ohun kejì, òun gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú. Tí ìka bá ti ró lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ ẹ fà á títí, kò ní ró mọ́, àfi tó bá tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Gáàsì yẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ padà yòrò sínú omi. A máa padà sórí ìṣẹ́jú 20 yìí.

7/ Ní 1971, Unsworth, Dowson àti Wright ní Yunifásítì Leeds ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà pé ìhó afẹ́fẹ́ wà, ṣùgbọ́n wọ́n ní kì í ṣe yíyọ rẹ̀ ló ń dún, bíbẹ́ rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ wọn ló wà nílẹ̀ fún bí ọdún 40.

8/ Ó wá di 2015, ní Edmonton, ní Kánádà. Greg Kawchuk àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fa ìka nínú ẹ̀rọ MRI, wọ́n sì ń wo inú oríkèé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ohùn ti dún tán, ìhó náà ṣì wà níbẹ̀! Wọ́n ní: ṣé ẹ rí i? Yíyọ rẹ̀ ló ń dún, àwọn ti 1947 ló jàre.

9/ Ìjà ò tíì parí o. Ní 2018, Chandran Suja àti Barakat fi ìṣirò gbè lẹ́yìn Leeds. Wọ́n ní kò pọn dandan kí ìhó náà bẹ́ tán. Tó bá ti súnkì díẹ̀ lójijì, ó tó láti dún, ìyókù ẹ̀ sì lè ṣì wà níbẹ̀ tí MRI á fi rí i. Ẹgbẹ́ méjèèjì ṣì ń jiyàn lórí ìgbà tó ń dún. Ṣùgbọ́n pé afẹ́fẹ́ ni, ẹnu wọ́n kò.

10/ Ó dáa, tí kò bá kán egungun, ṣé kì í fa làkúrègbé? Donald Unger, dókítà kan ní California, gbọ́ ìkìlọ̀ yìí lẹ́nu ìyá ẹ̀, lẹ́nu àwọn àǹtí ẹ̀, nígbà tó yá, lẹ́nu ìyá ìyàwó ẹ̀. Bàbá bá ní òun á wò ó. Ó ń mú kí ìka ọwọ́ òsì ró, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ó fi ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀ kó lè fi wé e.

11/ Ọdún 50 ló fi ṣe é. Ìṣirò ẹ̀: ó kéré tán, ìgbà 36,500. Ní 1998 ló kọ èsì ẹ̀ jáde: kò sí làkúrègbé lọ́wọ́ òsì, kò sí lọ́wọ́ ọ̀tún. Ní 2009 wọ́n fún un ní Ig Nobel, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ìwádìí tó kọ́kọ́ pa èèyàn lẹ́rìn-ín kó tó mú un ronú.

12/ Lóòótọ́, ẹnì kan ṣoṣo ni Unger. Ó ṣe tán, wọ́n ti wo èèyàn 300 ní Detroit ní 1990. Làkúrègbé ò pọ̀ jù lára àwọn tó ń mú ìka ró, àmọ́ ọwọ́ wọn sábà máa ń wú, ìdìmú wọn ò sì le tó tàwọn yòókù. Ní 2011, wọ́n wo X-ray ọwọ́ èèyàn 215: làkúrègbé wà lọ́wọ́ 18.1 nínú 100 àwọn tó ń ṣe é, àti 21.5 nínú 100 àwọn tí kì í ṣe é. Ìyàtọ̀ yẹn ò tó nǹkan.

13/ Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí ìṣẹ́jú 20. Tí orúnkún yín bá ń ró ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá lóṣòó, lẹ́ẹ̀mẹwàá léraléra, ìhó afẹ́fẹ́ kọ́ nìyẹn. Kò ráyè tún ara ẹ̀ ṣe. Ohun tó sábà máa ń jẹ́ ni iṣan tó ń fò kọjá lórí egungun, tàbí ẹ̀yìn egungun pẹlẹbẹ iwájú orúnkún tó ń yọ̀ lórí itan.

14/ Ìyẹn náà kì í ṣe tuntun. Láti 1902 ni Blodgett ti kọ̀wé ní Boston nípa fífi ẹ̀rọ tí dókítà fi ń gbọ́ àyà tẹ́tí sí orúnkún. Ní 1987, àwọn kan ní Belfast fi ẹ̀rọ gba ìgbọ̀nrìrì orúnkún sílẹ̀. Orúnkún tí ò dun ẹnikẹ́ni náà ń ró!

15/ Mi ò ní tan yín jẹ ṣá. Ní 2018, Grace Lo àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tẹ ìwádìí lórí èèyàn 3,495 jáde ní Amẹ́ríkà. Àwọn tórúnkún wọn ń ró ní gbogbo ìgbà ló ṣeé ṣe jù kí làkúrègbé tó ń dunni mú wọn lọ́jọ́ iwájú. Àmọ́ nínú àwọn tó mú, ọ̀pọ̀ ni X-ray ti rí àmì ẹ̀ lórúnkún wọn kó tó di pé ó ń dùn wọ́n. Ohùn lè jẹ́ ẹlẹ́rìí. Kò sọ ọ́ di ọ̀daràn.

16/ Ibi tó ká mi lára jù nìyí. Ní 2017, àwọn olùwádìí Ìlú Ọba bá àwọn tórúnkún ń dùn jókòó sọ̀rọ̀. Ohùn yẹn ń já wọn láyà, wọ́n ní ọjọ́ ogbó ló ń dé, wọ́n wá ń sá fún ìṣípòpadà. Bẹ́ẹ̀, ìdárayá tó ń fún ẹran itan lágbára wà lára ohun àkọ́kọ́ táwọn dókítà ń kọ fún orúnkún tó ní làkúrègbé. Ohun tó lè ràn wọ́n lọ́wọ́ ni ohùn lé wọn kúrò nídìí ẹ̀.

17/ Nítorí náà: tó bá ń ró, tí kò dùn yín, tí kò wú, ẹ máa gbé irin yín lọ. Tó bá ń ró tó sì ń dùn, tó wú, tó há tí kò ṣeé nà, tó ń yẹ̀ lẹ́sẹ̀ yín, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ṣubú, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má lọ bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ní jíìmù o.

18/ Ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín tó ti pa irin tì torí orúnkún tó ń ró.