Àìrìn Jìnnà Ni Àìrí Abuké Ọ̀kẹ́rẹ́: Àwọn Òwe Tí A Bá Pàdé ní Òkè Olúmọ

Òwe tí a fẹ́ yẹ̀wò lónìí ni "Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́."

Ìtumọ̀: Ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ́ ẹranko kékeré onírù gígùn tí ó máa ń sáré gun igi. Abuké ni ẹni tí iké yọ sí lẹ́yìn. Kò wọ́pọ̀ rárá kí ènìyàn rí ọ̀kẹ́rẹ́ tí ó ní iké. Ẹni tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ lè dàgbà dàrúgbó kí ó má rí i, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rìn jìnnà lè ṣe kòńgẹ́ rẹ̀.

Lílò: A máa ń pa òwe yìí nígbà tí a bá rí ohun àrà lẹ́nu ìrìnàjò, tàbí nígbà tí a bá ń gba ẹni tí kì í kúrò ní àdúgbò rẹ̀ níyànjú. Bí ọmọdé bá fẹ́ pa á níwájú àgbà, kí ó má gbàgbé láti sọ pé, "Tótó, ó ṣe bí òwe." Àgbà yóò sì dá a lóhùn pé, "Wàá rí òmíràn pa."

Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kọ ìtumọ̀ yìí sínú ìwé rẹ̀ ní ilé-ìwé, ó sì gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Inú mi dùn. Mo wá bi í pé báwo ni ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe rí. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Dádì, ṣé kì í ṣe ẹja ni?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Kì í ṣe ẹ̀bi tíṣà rẹ̀. Nígbà tí èmi wà ní ọjọ́ orí rẹ̀, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń tẹ̀lé bàbá mi lọ sí oko. Ojú ọ̀nà oko ni mo ti mọ ọ̀kẹ́rẹ́, ibẹ̀ náà ni mo sì ti gbọ́ òwe rẹ̀. Ọmọ tèmi kò ní ọ̀nà oko. Inú ilé, inú ọkọ̀ àti inú kíláàsì ni ó mọ̀. Òwe tí ọmọ kọ́ nínú ìwé nìkan dà bí orúkọ ẹni tí kò rí rí: ó lè pè é, ṣùgbọ́n kò lè dá a mọ̀ bí ó bá kọjá níwájú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi kó òun, àbúrò rẹ̀ obìnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, àti ìyá mi lọ sí Òkè Olúmọ ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e.

Olúmọ wà ní Abẹ́òkúta, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ó ga tó mítà 137 sí ìpele omi òkun. Ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tí ogun ti tú ìlú wọn ká tẹ ibẹ̀ dó, Ṣódẹkẹ́ ni aṣáájú wọn. Inú ihò àpáta yìí ni wọ́n fi ṣe ibi ìsádi. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì wá gbógun ti ìlú náà ní 1851 àti ní 1864, ṣùgbọ́n wọn kò rí i kó. Bí ẹ bá dé ìdí àpáta náà, ẹ ní kí ọmọ kọ́kọ́ gbójú sókè, lẹ́yìn náà kí ó wo àwọn ilé tí ó yí i ká. Yóò mọ ìdí tí ìlú náà fi ń jẹ́ Abẹ́-òkúta kí ẹ tó la ẹnu.

Ìyá mi sọ pé orúnkún òun kò gba òkè mọ́. Ó jókòó sí ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí ń tajà, àwa mẹ́ta sì bẹ̀rẹ̀ sí gùn ún.

A kò tíì rìn jìnnà tí ọmọbìnrin náà fi rí ewéko kan ní ẹ̀bá ọ̀nà. Ó fọwọ́ kàn án, ewé náà sì pa dé. Ó pariwo! Patanmọ́ ni. Mo sọ fún un pé "pa itan mọ́" ni wọ́n pè pọ̀ di orúkọ rẹ̀, nítorí bí ó ṣe máa ń kó ewé rẹ̀ jọ. Ìdajì wákàtí ni a lò níbẹ̀, n kò sì kánjú. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe kánjú níbi báyìí.

Lórí àpáta, àwọn alángbá pọ̀ bí nǹkan mìíràn, gbogbo wọn na ara sílẹ̀ nínú oòrùn. Mo ní kí àwọn ọmọ wò wọ́n dáadáa, mo sì pa òwe kejì: "Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ojú lásán kò lè fi mọ ẹni tí ìyà ń jẹ láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọmọbìnrin yìí wo alángbá, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wá sọ pé, "Dádì, bàtà mi ń dùn mí." Láti ìsàlẹ̀ ni bàtà náà ti ń ge ọmọ jẹ, kò sì sọ̀rọ̀. Awọ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó. Ojú tì mí, nítorí èmi ni mo ra bàtà tuntun náà fún un nítorí ìrìn yìí. A bọ́ ọ, mo sì gbé e pọ̀n dé orí òkè.

Nínú ihò àpáta, ẹni tí ń fi àlejò mọ̀nà fi àwọn ihò kéékèèké hàn wá tí àwọn obìnrin ayé ìgbà ogun ti ń lọ oúnjẹ. Ojúbọ náà wà níbẹ̀. Ẹ kọ́ ọmọ kí ó kí àwọn ìyá àgbà tí ó bá bá níbẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ tàbí ìdọ̀bálẹ̀, kí ẹ sì tọrọ àyè kí ẹ tó ya fọ́tò.

Láti orí òkè, a rí Odò Ògùn, àwọn òrùlé páànù tí ó ti dípata, ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Aké, àti mọ́sáláṣí Kóbìtì. Ọmọkùnrin wá fi ọwọ́ sí ìbàdí. Ó ti gbọ́ òwe kan lẹ́nu ìyá mi rí: "Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i." Ó ní, "Dádì, òwe yẹn kì í ṣe òótọ́. Màmá àgbà jókòó sísàlẹ̀, wọn kò rí odò. Èmi rí i." N kò rí èsì fọ̀. Bí ẹ bá rí èsì, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.

Ibi tí mo ti ń ronú ni fóònù mi ti dún. Ìyá mi ni. "Ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ kíákíá o, òjò ń bọ̀." Oòrùn ṣì ń ràn níbi tí a wà, ṣùgbọ́n n kò bá a jiyàn, nítorí àpáta tí omi bá bà a máa yọ̀. Bí a ṣe ku àtẹ̀gùn díẹ̀ kí a dé ilẹ̀ ni òjò dé. Ọmọkùnrin sáré lọ bá a. "Màmá àgbà, báwo lẹ ṣe mọ̀?" Ìyá mi ní, "Àwọn tí ń tajà ni mò ń wò. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀rá bo ọjà wọn." Láti ọjọ́ náà, ẹnu ọmọ yìí kò gba òwe yẹn mọ́ láti bú.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ tètè dé ibẹ̀ ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú, ẹ gbé omi dání, kí ọmọ sì wọ bàtà tí ó ti mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn lọ sókè síbẹ̀ nígbà tí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe ní 2006, ẹ béèrè ní ẹnu ọ̀nà bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ràn ẹsẹ̀ jù ú lọ, nítorí kò sí alángbá nínú ẹ̀rọ. Láfún àti ewédú ni a fi parí ọjọ́ tiwa. Bí Abẹ́òkúta bá jìnnà sí yín, àwọn òkè Ìdànrè wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600. Ìkògòsì wà ní Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé.

A kò rí ọ̀kẹ́rẹ́ kankan ní Olúmọ ní ọjọ́ náà, ká má tíì sọ ti abuké. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù ni ẹ ní oríire, nítorí ọ̀kẹ́rẹ́ kún inú páàkì yín. Ẹ pè é ní orúkọ rẹ̀ fún àwọn ọmọ yín. Tiwa ṣì ń wá tirẹ̀. Ó ti sọ pé Ìdànrè ló kàn, ó sì ti fi bàtà àbúrò rẹ̀ àtijọ́ sínú àpò.