Òoru, Ẹ̀fọn àti Ìṣirò: Ìwádìí Lórí Ibà, Láti Ọ̀jọ́ Wò Ó

Kì í ṣe ọjọ́ tí oòrùn mú jù lọ ni ibà máa ń ràn jù. Ní ọdún 2013, Erin Mordecai àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Ecology Letters, wọ́n ní nǹkan bí ìwọ̀n 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ibà ti ń tàn kálẹ̀ jù lọ, kì í ṣe 31 tí ìṣirò àtijọ́ ń sọ. Bí òoru bá ti kọjá 28, ìtànkálẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ kíákíá. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ń gbé ní Ìyànà-Ìbà, ní Ọ̀jọ́ ní Èkó, gbọ̀ngbọ̀n. Ẹni tó bá ti sùn nínú yàrá onípáànù ní Okokomáíkò ní oṣù kẹta mọ ohun tí òoru ń jẹ́, ó sì mọ̀ pé nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù ní oṣù kẹjọ ni ẹ̀fọn máa ń kọrin sí ni létí.

Físíìsì, ìṣirò àti ìmọ̀ ìṣègùn kì í sábà jókòó sínú kíláàsì kan náà ní ilé ẹ̀kọ́ wa. Lórí ọ̀rọ̀ ibà, wọn kò ríbi yà síra wọn.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi òoru bẹ̀rẹ̀. Plasmodium falciparum, kòkòrò tó ń fa akọ ibà, kì í ti ara ẹnì kan bọ́ sára ẹlòmíì lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ̀fọn bá fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, kòkòrò náà ní láti dàgbà nínú ikùn rẹ̀, kó sì rìn dé ibi tí itọ́ rẹ̀ wà, kí ẹ̀fọn ọ̀hún tó lè kó o ran ẹnikẹ́ni. Ẹ̀fọn kò ní òoru ara tirẹ̀ bí èèyàn ṣe ní. Ibi tó bá bà sí ló ń pinnu bí ara rẹ̀ yóò ṣe gbóná tó. Nínú ìwé tí T. S. Detinova kọ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 1962, ìṣirò rẹ̀ kò le: yọ 16 kúrò nínú ìwọ̀n òoru, kí o fi èyí tó kù pín 111, iye ọjọ́ tí kòkòrò yóò fi gbó nìyẹn. Bí òoru bá jẹ́ 27, ọjọ́ 10 ni. Bó bá jẹ́ 25, ó lé ní ọjọ́ 12. Ní 29, ọjọ́ mẹ́jọ ààbọ̀ péré ti tó.

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí òoru púpọ̀ kò fi mú kí ibà pọ̀ sí i? Ìdí ni pé òoru tó ń mú kòkòrò yára gbó náà ló ń gé ẹ̀mí ẹ̀fọn kúrú, tó sì ń dín ẹyin rẹ̀ kù. Ohun tí àwọn Mordecai ṣe ni pé wọ́n kó gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ sójú ìṣirò kan: bí ẹ̀fọn ṣe ń dàgbà, bó ṣe ń jẹni, bó ṣe ń yé, bó ṣe ń kú. Àwọn tó ṣáájú wọn kò ka gbogbo rẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí ará Èkó má tíì jó. Aedes aegypti, ẹ̀fọn tó ń jẹni lọ́sàn-án, tó ń yé sínú táyà ògbólógbòó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù fọganáísà, tó sì ń gbé àìsàn dengue kiri, nǹkan bí 29 ni irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ fi hàn pé ó bá a lára mu jù. Bí ìlú bá ń gbóná sí i, a lè fi ibà gba dengue.

Ronald Ross ló kọ́kọ́ gbé ìṣirò ka ẹ̀fọn lórí. Ó rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn ní ilẹ̀ Íńdíà ní 1897, ó wá sí Freetown ní 1899 láti wá irú ẹ̀fọn náà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1902. Láàárín ìgbà yẹn, William MacGregor, gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904, ń mú kí àbàtà gbẹ, ó sì ń pín kúíníìnì. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe ojú odò tí wọ́n là láàárín Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí. Àwọn alátakò ń bi Ross pé ta ló lè pa ẹ̀fọn tán láyé. Ó dá wọn lóhùn pẹ̀lú ìṣirò nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1911: kò pọn dandan kí a pa wọ́n tán. Iye kan wà tí ẹ̀fọn bá ti dín sí, tí ibà yóò máa tán lọ fúnra rẹ̀.

George Macdonald ní Lọ́ńdọ̀nù tún ìṣirò yìí ṣe ní àwọn ọdún 1950, ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ sì wà. Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀fọn 100 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní Ìbà, ní ìwọ̀n òoru 27. Wọ́n ní láti gbé ọjọ́ 10 láyé kí wọ́n tó lè ranni. Tó bá jẹ́ pé mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ń yè ní ojoojúmọ́, nǹkan bí 35 ni yóò dé ọjọ́ kẹwàá. Tó bá jẹ́ mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, yóò ku nǹkan bí 11. Tó bá jẹ́ méje, mẹ́ta péré. Ẹ wò ó: a kò dín iye ẹ̀fọn tó jáde láti inú gọ́tà kù rárá, ọjọ́ orí wọn nìkan la fọwọ́ kàn. Ìdí nìyí tí oògùn ara ògiri àti nẹ́ẹ̀tì alóògùn fi ń ṣiṣẹ́ ju epo tí a ń dà sójú omi lọ, orí ìrònú yìí náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì gbé ogun oògùn apẹ̀fọn DDT tí ó kéde ní 1955 lé.

Ilẹ̀ Nàìjíríà ni wọ́n ti dán ìṣirò náà wò dáadáa. Láti 1969 sí 1976, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ìjọba Nàìjíríà ṣe iṣẹ́ ńlá kan ní Garki, tó wà ní ìpínlẹ̀ Kánò nígbà náà, tó ti di ti Jìgáwá lónìí. Wọ́n fín oògùn propoxur sínú ilé, wọ́n pín oògùn ibà fún tọmọdé tàgbà, wọ́n sì ń ka ẹ̀fọn àti kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀. Klaus Dietz, Louis Molineaux àti A. Thomas gbé ìṣirò tuntun jáde láti ibẹ̀ ní 1974. Ibà dínkù, kò sì tán. Ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn níbẹ̀ ni kì í bà sára ògiri lẹ́yìn tó bá mu ẹ̀jẹ̀ tán. Ìta ló ń gbà lọ. Ìṣirò tó ń rò pé gbogbo ẹ̀fọn yóò kan oògùn kò ka ọgbọ́n yìí sí. Ìwé tó sọ gbogbo ìtàn náà jáde ní 1980, orúkọ Garki sì ṣì wà nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò àìsàn káàkiri àgbáyé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò tó gbọ́ ọ rí kò wọ́pọ̀ nílé níbí.

Ní tiwa ní Èkó, ẹ̀fọn ti kọ́ ọgbọ́n mìíràn. Ní 2012, A. O. Oduola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú Parasites & Vectors pé Anopheles gambiae ìgboro Èkó kò ka oògùn DDT àti deltamethrin sí mọ́, ó sì ti ń rá oògùn carbamate náà mọ́ra. Ọ̀nà tó ń gbé e gbà ju ọ̀kan lọ. Nínú àwọn kan, ibi tí oògùn ti máa ń dì mọ́ iṣan ara wọn ti yí padà, oògùn kò rí ibi mú. Nínú àwọn mìíràn, ara wọn ló ń gé oògùn náà wẹ́wẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Bí a ṣe ń lo irú oògùn kan náà lóko ẹ̀fọ́ àti nínú yàrá wà lára ohun tó fà á.

Ìdáhùn tó dára jù lọ títí di ìsinsìnyí wá láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Ní agbègbè Covè, Zagnanado àti Ouinhi ní orílẹ̀-èdè Benin, Manfred Accrombessi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín nẹ́ẹ̀tì oríṣi mẹ́ta, wọ́n sì ṣọ́ àwọn ọmọdé fún ọdún méjì. Àbájáde rẹ̀ jáde nínú The Lancet ní 2023: ibà tó mú àwọn tó sùn nínú nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi oògùn chlorfenapyr kún fi ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tó lo nẹ́ẹ̀tì àtijọ́. Chlorfenapyr kò bá iṣan jà. Ibi tí ara ẹ̀fọn ti ń ṣe agbára ló ń bà jẹ́. Ọdún yẹn kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i.

Bí a ti ń yọ̀ lórí ìyẹn, àlejò kan tún wọlé. Anopheles stephensi, ẹ̀fọn ilẹ̀ Éṣíà, fara hàn ní Djibouti ní 2012, wọ́n sì ti kà á mọ́ ti Nàìjíríà àti Gánà náà báyìí. Ìgboro lòun fẹ́. Anopheles gambiae tiwa fẹ́ràn omi mímọ́ tó dúró nínú kòtò tí oòrùn ń pa, irú èyí tí katakata ń fi sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀ lójú ọ̀nà Badagry. Anopheles melas sì wà ní etí ọ̀sà níbi tí omi ti níyọ̀ díẹ̀. Stephensi ní tirẹ̀, inú dúrọ́ọ̀mù, kànga àti táńkì orí ilé ló ń yé sí. Ilé wo ní Ọ̀jọ́ ni kò ní ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Ti abẹ́rẹ́ àjẹsára kò ní pẹ́ sọ. NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí R21, abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà, ní oṣù kẹrin 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ lé e ní oṣù kẹwàá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún un fún àwọn ọmọdé ní Kebbi àti Bayelsa ní ìparí 2024. Nínú àyẹ̀wò ńlá tí wọ́n ṣe ní Burkina Faso, Mali, Kenya àti Tanzania, ó dí ibà lọ́nà ní ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún kan níbi tí wọ́n ti gún un ṣáájú ìgbà ibà, àti ìdá 68 níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ lé ọjọ́ orí ọmọ. Nàìjíríà, tó ní nǹkan bí ìdámẹ́rin gbogbo ibà ayé, kò sí lára orílẹ̀-èdè mẹ́rin náà. Ó yẹ kí ìyẹn máa dun onímọ̀ wa. Ọ̀nà tí ibà ń gbà wọlé ní etí ọ̀sà, níbi tí ẹ̀fọn kì í ti í fẹ́rẹ̀ẹ́ sinmi, kò bá ti Mali dọ́gba.

Kì í ṣe gbogbo irinṣẹ́ ìwádìí ló ń béèrè owó gọbọi. Ní 2017, Manu Prakash àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford fi bébà àti okùn ṣe ẹ̀rọ tó ń ya ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀. Ó ń yí tó ìgbà 125,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ó wọn gíráàmù méjì, owó rẹ̀ nígbà náà kò sì ju ogún sẹ́ǹtì Amẹ́ríkà lọ. Láàárín ìṣẹ́jú 15, ó lè ya kòkòrò ibà kúrò lára ẹ̀jẹ̀. Ọmọ tó bá ti fi òkúta tẹ́ ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò pẹlẹbẹ, tó lu ihò méjì sí i, tó ki okùn bọ̀ ọ́, tó sì ń fà á kó máa hó, ti ṣe físíìsì yẹn láìmọ̀. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, tó ń ti ohun tí ọmọ mọ̀ nílé wọnú sáyẹ́ǹsì, ni Peter Okebukola, tó gba ẹ̀bùn Kalinga ti UNESCO ní 1992, ń tọ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́. Nínú ètò ìkọ́ni rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CTCA, akẹ́kọ̀ọ́ ní láti kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ òbí àti àgbà ohun tí àṣà wa mọ̀ nípa kókó ẹ̀kọ́ kan, kí olùkọ́ tó dé orí rẹ̀ ní kíláàsì.

Èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lónìí pẹ̀lú ohun tó wà nílẹ̀. Òṣùwọ̀n òoru tí wọ́n ń kà fún Èkó ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà kò sọ bí inú yàrá kan ní Ìbà ṣe gbóná tó ní agogo méjì òru, yàrá yẹn sì ni ẹ̀fọn ń gbé. Tẹmómítà olówó pọ́ọ́kú ti tó láti mọ ìyẹn. Ìdá ẹ̀fọn tó ń yè lójúmọ́, tí gbogbo ìṣirò Macdonald rọ̀ mọ́, ni Detinova fi ọ̀nà rẹ̀ hàn nínú ìwé 1962 yẹn kan náà. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín la óò fi la ikùn ẹ̀fọn, a óò sì wo ilé ẹyin rẹ̀ lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Bí àwọn ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó wà lára rẹ̀ bá ṣì ká jọ, ẹ̀fọn náà kò tíì yé rí. Bí wọ́n bá ti nà, ó ti yé, ó dàgbà tán, ó sì ṣeé ṣe kó ti máa gbé ibà kiri Okokomáíkò.