Ọkùnrin Tó Gba Orúkọ Rẹ̀ Padà

Bíbélì kíkà: Ìfihàn 7:9

Ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi wa ní Ushafa, mo bi ọmọ kan léèrè orúkọ rẹ̀. Ti òyìnbó ló dá mi lóhùn. Nígbà tí mo bèèrè ti Yorùbá, ó kọ́kọ́ wojú ìyá rẹ̀. Mo bá rántí bàbá wa nínú ìgbàgbọ́, Mojọlá Agbebi.

Iléṣà ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1860. David Brown Vincent ni wọ́n sọ ọ́. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ rò pé ìgbàgbọ́ kò pé láìsí orúkọ àti aṣọ òyìnbó. Nínú ìjọ Baptist Èkó, míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà ló ń pàṣẹ. Ní 1888, wọ́n dá Moses Ladejo Stone, ọmọ ilẹ̀ wa, dúró lẹ́nu iṣẹ́ ìránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ bá a jáde, wọ́n sì dá Native Baptist Church sílẹ̀, tí ọmọ ilẹ̀ yìí ń darí. Agbebi wà lára aṣáájú wọn.

Ní 1894, ó fi David Brown Vincent sílẹ̀, ó di Mojọlá Agbebi. Ó bọ́ kóòtù, ó wọ agbádá, ó sì wọ̀ ọ́ dé ilẹ̀ òyìnbó. Kò gbé ìbọn, kò sì bá Kristi jà. Ohun tó kọ̀ ni kí wọ́n di ẹrù tiwọn mọ́ ìyìn rere.

Kò parí sí ìjà. Ní 1914, àwọn tó yapa àti àwọn ti míṣọ̀n jọ dá Yoruba Baptist Association sílẹ̀, èyí tó di Nigerian Baptist Convention lónìí. Agbebi ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ó sùn nínú Olúwa ní 1917.

Ẹ jẹ́ ká rántí pé Agbebi tún ṣiṣẹ́ ìyìn rere ní Niger Delta, láàárín àwọn tí kì í ṣe Yorùbá. Àwọn Gbagyi ló ni Ushafa. Àlejò ni wá. Bí aládùúgbò wa bá wọ ìsìn wa, tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lédè rẹ̀, ṣé kì í ṣe ẹrù tiwa la dì lé e lórí? Ẹ pe ọmọ yín lórúkọ tẹ́ ẹ sọ ọ́. Kí ẹ sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ni lédè Gbagyi.

Àdúrà: Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí a tijú orúkọ tí o fún wa, má sì jẹ̀ẹ́ kí a fi tiwa pa ti ẹlòmíì rẹ́. Àmín.