Ohun Tí Ará Ilé Rí Lóru: Ìtàn Oorun àti Àrùn Ọpọlọ

Òkèèrè ni olójú jínjìn ti í mẹ́kún sun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn àrùn ọpọlọ kan rí. Ọ̀pọ̀ ọdún kí ọwọ́ àgbàlagbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tàbí kí ó tó máa ṣarán, àrùn náà ti lè máa fi ara hàn lójú oorun rẹ̀.

Ní Fìdítì, Ìlọrà àti àwọn ìlú Afijió yòókù tó wà láàárín Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ibi púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, bí bàbá àgbà bá ń pariwo, tó ń ju ẹ̀ṣẹ́, tó ń fi ẹsẹ̀ ta lójú oorun, àwọn kan á ní àwọn ayé ló ń bá a jà. Bí ó bá jẹ́ ìyá arúgbó ló ń sọ̀rọ̀ lóru, tó sì ń rìn káàkiri, wọ́n lè pe òun fúnra rẹ̀ ní àjẹ́. Ohun tí ará ilé rí kì í ṣe irọ́. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni ó yẹ kí á yẹ̀ wò.

Ní ọdún 1817, oníṣègùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, James Parkinson, kọ ìwé kékeré kan nípa aláìsàn mẹ́fà tí ara wọn ń gbọ̀n. Ó kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé oorun wọn a máa dàrú. Ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́, ara gbígbọ̀n ni ojú àwọn oníṣègùn wà. Wọn kò ka oorun sí ohun tó lè ṣáájú àrùn náà.

Ní ọdún 1965, ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, Michel Jouvet àti akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lára ológbò. Nígbà tí a bá ń lá àlá, ọpọlọ a máa dá iṣan ara dúró, kí á má baà dìde ṣe ohun tí à ń lá. Àwọn onímọ̀ yìí ba ibi kékeré kan jẹ́ ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ àwọn ológbò náà, àwọn ẹranko náà sì ń dìde lójú oorun bí ẹni ń lé ẹran.

Ní ọdún 1986, Carlos Schenck àti Mark Mahowald ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, ròyìn àgbàlagbà márùn-ún tí irú rẹ̀ ń ṣe. Àwọn kan nínú wọn ti ṣe ara wọn tàbí aya wọn léṣe lójú àlá. Wọ́n tọ́pa ọkùnrin 29 tí wọ́n ní ìṣòro yìí, tí àìsàn ọpọlọ kankan kò tíì hàn lára wọn. Nígbà tó fi di ọdún 1996, àìsàn tó jọ ti Parkinson ti bẹ̀rẹ̀ lára 11 nínú wọn. Nígbà tó di ọdún 2013, nínú 26 tí wọ́n ṣì rí tọ́pa, 21 ló ti ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀ tàbí àrùn ìgbàgbé.

Kì í ṣe àrùn òyìnbó nìkan. Ní ọdún 2023, ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo ti Yunifásítì Èkó kópa nínú rẹ̀ fi hàn pé ohun àjogúnbá kan tó wọ́pọ̀ lára àwọn ọmọ Áfíríkà a máa mú kí ewu àrùn Parkinson pọ̀ sí i.

Ìbàdàn náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ní ọdún 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé ní àdúgbò Ìdìkàn, wọ́n ń wádìí àrùn ìgbàgbé lára àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè. Àgbàlagbà 2,494 ni wọ́n yẹ̀ wò. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ mọ sọ́dọ̀ àgbàlagbà nìkan. Wọ́n tún bi ará ilé rẹ̀ léèrè ohun tó ti yí padà. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ń gbàgbé lè má mọ̀ pé òun ń gbàgbé.

Bákan náà ni ti oorun. Ẹni tó ń jà lójú àlá kì í sábà mọ̀. Ẹni tó bá a sùn ló mọ̀. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo ẹni tó pariwo lójú oorun ni àrùn ń bọ̀ wá bá: oògùn kan, híhanrun tó ń dí èémí, tàbí ìbànújẹ́ lè fà á. Kò sì tíì sí oògùn tó lè dá àrùn yìí dúró pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tètè mọ̀ á kó ohun mímú kúrò nítòsí ibùsùn, á lọ sọ́dọ̀ dókítà, á sì lè múra ọjọ́ iwájú sílẹ̀.

Ìdí nìyí tí ohun tí ará ilé bá rí lóru fi ṣe iyebíye, ní Fìdítì àti Ìlọrà gẹ́gẹ́ bí ní Minnesota. Ẹ̀rí ni. Bí wọ́n bá gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó lè ran arúgbó lọ́wọ́. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di ẹ̀sùn àjẹ́, àìsàn náà á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, arúgbó á sì tún pàdánù orúkọ rẹ̀.